Ẹ kó ẹrù yín wálé: bí a ṣe ń gba fọ́tò, lẹ́tà àti ohùn wa padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 2019, MySpace, ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ àti orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jẹ́wọ́ pé níbi tí àwọn ti ń kó ẹrù láti orí sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń kó ẹrù àwọn èèyàn sí) kan bọ́ sórí òmíràn, orin, fọ́tò àti fídíò tí àwọn èèyàn ti gbé síbẹ̀ láti 2003 títí di 2015 ti bá ibẹ̀ lọ. Àwọn ará Internet Archive, ilé ìpamọ́ ohun àtijọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, padà rí orin bíi 490,000 gbà là, ṣùgbọ́n díẹ̀ bíńtín nìyẹn lára ohun tó sọnù. Olè ò jà, iná ò jó. Wọ́n kàn ń kó ẹrù ni.

Ọdún yẹn kan náà ni Google ti Google+, ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀, pa, tí Microsoft náà ti ilé-ìtajà ìwé orí ẹ̀rọ rẹ̀ pa. Ní 2020, Yahoo Groups, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń fi ímeèlì bá ara wọn sọ̀rọ̀, kógbá sílé. Àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ kìlọ̀ ṣáájú. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àmọ́ inú àpótí ímeèlì tí a kì í ṣí mọ́ ni ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí.

Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ náà rèé: ayálégbé ni gbogbo wa níbẹ̀. Onílé lè jẹ́ èèyàn dáadáa, ó tilẹ̀ lè má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, síbẹ̀ ilé kì í ṣe tiwa. N kò ní kí ẹnikẹ́ni kó jáde. Èmi náà ṣì ń gbé ibẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹ̀dà ohun tó bá ṣe iyebíye wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí ó tó di pé a ń sáré. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni, ó lè jù bẹ́ẹ̀ bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń wọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: bébà àti bírò

Ẹ má tíì fọwọ́ kan fóònù. Ẹ mú bébà, kí ẹ bi ara yín léèrè: bí ó bá pòórá ní alẹ́ yìí, kí ló máa dùn mí? Ìdáhùn kì í pọ̀ tó bí a ṣe rò. Mẹ́rin péré ni tèmi: fọ́tò, ohùn àwọn èèyàn mi tó ti kú, ímeèlì iṣẹ́, àti nọ́ńbà àwọn èèyàn. Àwòrán àpárá tí wọ́n ń pín kiri nínú gúrúùpù, kí ó máa lọ ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ọgbọ́n kan tí mo ń dá ni pé mo máa ń wá “welcome” àti “verify your email” nínú ímeèlì mi. Ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ láti ọdún gbọọrọ ni yóò tò jáde. Mo rí mọ́kàndínlógójì. Mọ́kànlá ni mo rántí nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín

Orí ímeèlì ni líǹkì ẹ̀dà yín sábà máa ń gbà wá, kóòdù ìwọlé sì lè gba orí fóònù. Bí ímeèlì náà bá jẹ́ èyí tí ẹ ti pa tì, tàbí tí nọ́ńbà fóònù náà ti di ti ẹlòmíràn, ẹnu ọ̀nà lẹ máa dúró sí. (Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń tún nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ tà.) Ẹ wọ àkáǹtì kọ̀ọ̀kan báyìí, kí ẹ yẹ nọ́ńbà àti ímeèlì tó wà níbẹ̀ wò, kí ẹ pààrọ̀ èyí tí kò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Bí ẹ kò bá tíì tan “2-Step Verification” (tó ń béèrè kóòdù lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù kí ó tó jẹ́ kí èèyàn wọlé), ẹ tan án, torí fáìlì tí a fẹ́ lọ gbà yìí, odidi ayé èèyàn ló wà nínú rẹ̀.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Google sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì tí ẹni tó ni ín kò lò fún ọdún méjì rẹ́, tòun ti fọ́tò àti lẹ́tà inú rẹ̀. Ti iṣẹ́ àti ti ilé-ìwé kò sí lára rẹ̀. Àkáǹtì àtijọ́ tí ẹ ń wò bí ibi ìkẹ́rùsí, ẹ wọ inú rẹ̀ lónìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Google

Láti 2011 ni Google ti ní ilẹ̀kùn tí a ń gbà kó ẹrù jáde. Takeout lorúkọ rẹ̀, ó wà ní takeout.google.com. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ óò rí i pé wọ́n ti fi àmì sí gbogbo nǹkan fún yín. Ẹ tẹ “Deselect all”, kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín mú ohun tó wà lórí bébà: Google Photos, Mail, Contacts, Drive. Bí ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, fídíò tí ẹ ti gbé sórí YouTube àti oríṣiríṣi àkọsílẹ̀ tí ẹ kò nílò yóò bá a wá, ẹ ó sì jókòó ti fáìlì tí kò lópin.

Wọ́n á bi yín bí ẹ ṣe fẹ́ gbà á. Ẹ yan líǹkì sí ímeèlì. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé e sínú Drive, ibi ìkẹ́rùsí Google fúnra rẹ̀, ńṣe ló kó ẹrù láti yàrá dé pálọ̀ ilé onílé kan náà, ẹrù ọ̀hún á sì tún jẹ nínú 15 GB ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bí fáìlì á ṣe tóbi tó. Wọ́n lè dì í ní 2 GB, 4 GB, títí dé 50 GB. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá máa ń já, ẹ mú 2 GB. Fáìlì á pọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ bí ọ̀kan bá já láàárín, òun nìkan lẹ máa tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí 50 GB já mọ́ lọ́wọ́ nígbà tó ku díẹ̀, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín.

Lẹ́tà wọn lè dé láàárín wákàtí kan, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ mélòó kan. Bó bá dé, bí ọjọ́ méje ni líǹkì inú rẹ̀ ń lò kó tó kú. Ẹ má ṣe béèrè ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ rìnrìn àjò.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe, mo sì wà lára wọn. Bí ẹ bá tú fọ́tò yín jáde, ẹ ó rí fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ rẹ̀ parí sí .json. Pàǹtírí ló jọ lójú. Mo kó gbogbo rẹ̀ dànù kí fóldà mi lè mọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé inú wọn ni Google kọ àlàyé tí mo fi sábẹ́ àwọn fọ́tò sí, àti ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi tún ṣe. Fọ́tò tí kámẹ́rà fóònù yà sábà máa ń gbé ọjọ́ tirẹ̀ dání. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í gbé e. Èyí tí a sì fi fóònù yà látinú fọ́tò orí bébà, ọjọ́ tí a tún un yà ló wà lára rẹ̀. Báyìí ni fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi, tí mo ti farabalẹ̀ kọ ọdún rẹ̀ sí, ṣe di èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn tí a bí mi. Ẹ fi .json sílẹ̀ níbi tí ẹ bá a.

Nọ́ńbà àwọn èèyàn, ẹ gbà á ní vCard (irú fáìlì tí a ń kọ nọ́ńbà sí), torí fóònù Android àti iPhone ló mọ̀ ọ́n kà. Ímeèlì á wá ní fáìlì MBOX, Thunderbird, áàpù tí a fi ń ka ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, sì lè bá yín ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀dà máa dé fúnra rẹ̀, ètò kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe é ní oṣù méjì méjì fún ọdún kan. Bí ọdún bá pé, ẹ ní láti tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: dígí kì í ṣe àpótí

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo iPhone ló mú mi kọ apá yìí, àmọ́ kì í ṣe àwọn nìkan ló kàn. iCloud Photos, ibi tí Apple ń gbé fọ́tò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì (ohun tí wọ́n ń pè ní cloud), kì í ṣe àpótí tí a ń kó ẹrù sí. Dígí ni. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí fóònù ló ń hàn níbẹ̀. Ẹ pa fọ́tò kan rẹ́ lórí fóònù, ó ti pa rẹ́ lórí iPad, ó ti pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó ti pa rẹ́ lórí iCloud fúnra rẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa lò nínú “Recently Deleted”, ó di gbére. Google Photos náà ń hu irú ìwà yìí, àfi pé ọgọ́ta ọjọ́ ni fọ́tò tó ti gbé sórí cloud máa ń wà nínú “Trash” tirẹ̀. Mélòó ni mo ti rí tó ń wí pé “ó kúkú wà lórí cloud”, tó sì ń pa fọ́tò rẹ́ lórí fóònù kí àyè lè gbà á! Bó bá jẹ́ àyè ló dín, “Free up space” inú Google Photos ni kí ẹ tẹ̀. Ti orí fóònù nìkan ni òun ń yọ.

Ìdẹkùn kejì ni “Optimize iPhone Storage”. Bí ó bá wà ní títàn, fọ́tò tí a ti sọ di kékeré ni fóònù lè máa mú dání, ojúlówó á wà lọ́dọ̀ Apple. Ẹni tó bá fi wáyà kó fọ́tò láti orí irú fóònù bẹ́ẹ̀ lè rò pé òun ti kó gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ lọ sí privacy.apple.com, kí ẹ béèrè ẹ̀dà níbẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ méje kí wọ́n tó dáhùn, torí wọ́n á kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹni tó ni ín ló ń béèrè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: WhatsApp, níbi tí ohùn wà

Bí ẹ bá tẹ “Request account info” nínú WhatsApp, ìròyìn tó máa tẹ̀ yín lọ́wọ́ lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta kò ní gbólóhùn kan nínú ohun tí ẹ bá èèyàn sọ. Wọn ò fi í pamọ́ fún yín o. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, kì í sí lórí sáfà wọn mọ́. Orí fóònù yín ló wà, àti inú ẹ̀dà tí fóònù ń gbé lọ pamọ́ sí Google tàbí iCloud. Ẹ̀dà yẹn kì í ṣe ìwé tí a lè ṣí kà. WhatsApp ló mọ bí a ṣe ń tú u.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni “Export chat”. Ẹ ṣí ìjíròrò ẹnì kan, ẹ wá bọ́tìnì yìí nínú àṣàyàn rẹ̀, yóò sì fún yín ní fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ọ̀rọ̀ 40,000 tó kẹ́yìn ló lè kó bí ẹ kò bá da fọ́tò àti ohùn pọ̀ mọ́ ọn, 10,000 bí ẹ bá dà á pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa ṣe é, ó sì ń súni gan-an. Ẹ ṣe é fún àwọn tó tó bẹ́ẹ̀ nìkan. Ẹ sì rántí pé àṣírí ẹlòmíràn wà nínú fáìlì yẹn, kì í ṣe ohun tí a ń fi sórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn ń lò.

Ọ̀nà kejì, fún àwọn tó ń lo Android, lèmi fẹ́ràn jù. Ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ wọ fóldà Android, ẹ wọ media, ẹ wọ com.whatsapp, ẹ wọ WhatsApp, kí ẹ wá kó fóldà Media odindi sórí kọ̀ǹpútà. “WhatsApp Voice Notes” wà nínú rẹ̀, wọ́n tò ó ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn fáìlì náà parí sí .opus, VLC, áàpù tí a fi ń gbọ́ ohùn, sì lè bá yín ṣí wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọjọ́ wà nínú orúkọ fáìlì, orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ kò sí. Ohùn ìyá ìyá mi jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ láàárín fáìlì bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó jọra bí ìbejì. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Bí ẹ bá rí tiyín, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni náà sí i.

Láti 2021 ni WhatsApp ti gbà wá láyè láti fi páswọ́ọ̀dù tàbí kọ́kọ́rọ́ oníàmì 64 ti ẹ̀dà ìpamọ́ tó ń lọ sí Google tàbí iCloud pa. Mo ń lò ó, ó dára. Àmọ́ bí ẹ bá sọ kọ́kọ́rọ́ yẹn nù, WhatsApp fúnra wọn kò lè bá yín ṣí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn yòókù

Facebook àti Instagram jọ ń lo Accounts Center, ojú ìwé ètò kan nínú Settings wọn. Ẹ wọ “Your information and permissions”, ibẹ̀ lẹ ti máa béèrè. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n yàn fún yín dáadáa. Bí kì í bá ṣe “All time”, ẹ sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé fọ́tò sí “High”. Ẹ mú HTML bí ẹ bá fẹ́ kà á fúnra yín, JSON bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ ibòmíràn. X, TikTok àti LinkedIn ní irú rẹ̀ nínú Settings wọn.

Ìwé, fíìmù àti géèmù tí ẹ “rà” lórí ẹ̀rọ ni kò sábà ṣeé kó. Nígbà tí Microsoft ti ilé-ìtajà ìwé rẹ̀ pa, ó dá owó oníbàárà padà, ìwé sì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìyọ̀ǹda láti kà á ni wọ́n ti ń rà látọjọ́ yìí. Ní California, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ní kí olùtajà sọ èyí kedere kí èèyàn tó sanwó. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

Ìgbésẹ̀ keje: bí kò bá sí bọ́tìnì

Ẹ kọ lẹ́tà. Lójú tèmi, kì í ṣe inú rere lásán ló ṣí gbogbo ilẹ̀kùn tí mo ti ń dárúkọ bọ̀. Òfin ìdáàbòbò dáta ti ilẹ̀ Yúróòpù, GDPR, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ní nǹkan bí ìgbà yẹn gan-an ni Apple, Instagram àti WhatsApp ṣí tiwọn. Òfin náà ní kí ilé-iṣẹ́ fún ẹni tó bá béèrè ní ẹ̀dà dáta rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín oṣù kan, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá lọ́jú pọ̀. California tẹ̀ lé e ní 2020, Brazil náà ní ọdún yẹn, Nàìjíríà sì ṣe tirẹ̀ ní 2023.

Lẹ́tà náà kò ní láti gùn: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀dà gbogbo dáta mi tó wà lọ́dọ̀ yín ránṣẹ́ sí mi ní fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè kà. Ímeèlì tí mo fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni mo fi ń kọ èyí. Mo ń béèrè lábẹ́ òfin ìdáàbòbò dáta.” Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò, kí ẹ dárúkọ òfin ilẹ̀ yín, kí ẹ sì mú àdírẹ́sì láti ojú ìwé “Privacy” wọn fúnra wọn. Ẹ má fi àwòrán káàdì ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ẹ ṣàdédé rí níbì kan. Áàpù kan tí mo fi ń ka ìṣísẹ̀ mi dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn lẹ́tà mi. Lẹ́tà kejì kò ju ìlà kan lọ: ọjọ́ tí mo kọ àkọ́kọ́, àti iye ọjọ́ tí òfin fún wọn. Fáìlì dé ní ọjọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ ṣí i wò

Dáńlóòdù nìkan kò tíì tó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, fáìlì mẹ́rìnlá ni wọ́n fún mi, mo kó wọn sínú hard disk, mo sì lọ sùn bí ẹni tó ti ṣe bẹbẹ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tú wọn. Ìkẹsàn-án ti já láàárín, líǹkì ti kú tipẹ́. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ ṣí fọ́tò àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, ẹ gbọ́ ohùn kan, ẹ ka lẹ́tà kan.

Àwọn tó ń fi fọ́tò yíyà ṣiṣẹ́ ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní 3-2-1: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ẹ̀rọ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Ìyẹn ni pé èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ọ̀kan, ti orí kọ̀ǹpútà yín ìkejì, hard disk tó wà nílé ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ yín ìkẹta. Fílááṣì kékeré kì í ṣe ibi ìfipamọ́ ọlọ́dún gbọọrọ, ibi ìgbérìn ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí Windows àti Mac máa ka hard disk náà, exFAT, ìlànà ìtòfáìlì tí àwọn méjèèjì mọ̀, ni kí ẹ fi tò ó (“format”), kí ẹ tó gbé ohunkóhun sí i, torí títò yẹn máa pa ohun tó bá wà níbẹ̀ rẹ́. Èyí tó máa kúrò nílé, ẹ fi VeraCrypt, áàpù tó ń fi páswọ́ọ̀dù ti fáìlì pa, tì í, kí ẹ kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ sì fi bébà náà síbòmíràn.

Nígbà tí ẹ bá wà nínú Settings Google, ẹ wá “Inactive Account Manager”. Òun ni ẹ ó fi sọ ẹni tí wọ́n máa fún ní ẹrù yín bí ẹ kò bá wọlé mọ́ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́fà, méjìlá tàbí méjìdínlógún. Apple náà ní “Legacy Contact”, àmọ́ ẹ̀yìn ikú ẹni ni tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹni náà sọ̀rọ̀.

Ìkẹyìn: ṣé kí n wá pa àkáǹtì rẹ́?

Kò pọn dandan. Àmọ́ nínú mọ́kàndínlógójì tèmi, mo ti pa mẹ́rìndínlógún rẹ́, ara sì tù mí. Ẹ má pa ọ̀kankan rẹ́ kí ẹ tó ṣí ẹ̀dà rẹ̀ wò. Facebook àti X ń fún èèyàn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti yí ọkàn padà. Ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ni mo máa ń fi wo ohun tí mo kó wálé láìkánjú, títí mo fi máa rí ohun kan tí n kò rántí kó. Lórí X, ìgbà ẹ̀ẹ̀kan ni mo padà wọlé lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, nítorí fídíò kan tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá.